Ohùn Fèrè Idẹ ní Ìlú Festac

Ní Ọjọ́bọ̀ kan tí oòrùn mú gidigidi, mo wọ ọkọ̀ ojú irin ní Mariná ní Èkó, mo gbé àpò mi lé itan, mo sì jókòó lẹ́bàá fèrèsé. Ọkọ̀ yìí ni wọ́n ń pè ní Blue Line. Iná mànàmáná ni ó fi ń rìn, ó sì ti ń gbé èrò láti ọjọ́ 4 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023. Ibùdó márùn-ún péré ni ó wà lójú ọ̀nà náà: Mariná, National Theatre, Orílé, Sùúrù-Àlàbá, àti Máìlì Tú, gbogbo rẹ̀ kò sì ju nǹkan bí kìlómítà 13 lọ. Ẹni tí ó bá ti jókòó rí nínú ọkọ̀ tí kò lọ tí kò bọ̀ ní títì Bàdágírì, tí òógùn ń gba ẹ̀yìn rẹ̀ wálẹ̀, yóò mọ̀ pé ọpẹ́ ni mo ń dú títí tí mo fi sọ̀ kalẹ̀.

Ọ̀nà náà gba ẹ̀bá gbọ̀ngàn ńlá tí ó wà ní Ìgànmú kọjá, èyí tí a kọ́ parí ní 1976, tí ó sì dàbí ìgbà tí ológun kan bọ́ fìlà rẹ̀ sílẹ̀ sí àárín pápá. Láti 2024 ni a ti sọ ọ́ ní orúkọ Wọlé Ṣóyínká. Gbọ̀ngàn yìí àti ìlú tí mo ń lọ, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Nígbà tí àwọn ènìyàn dúdú àgbáyé fẹ́ ṣe àjọ̀dún kejì ti iṣẹ́ ọnà àti àṣà wọn ní Èkó, láti ọjọ́ 15 oṣù kìn-ín-ní títí di ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 1977, a kọ́ gbọ̀ngàn náà kí wọ́n lè rí ibi ṣeré, a sì kọ́ Festac kí wọ́n lè rí ibi sùn. Àlejò bí 17,000 ni ó wá. Nígbà tí àlejò lọ tán, ìjọba fi kèké pín ilé fún àwọn ọmọ Nàìjíríà, àlejò di onílé, orúkọ àjọ̀dún sì di orúkọ ìlú. Gilberto Gil, olórin ará Bràsíìlì, wà lára àwọn tí ó wá. Ó rí àwọn ilé wọ̀nyí, wọ́n sì mú un rántí irú ilé tí ìjọba ìlú tirẹ̀ kọ́ fún àwọn tálákà ní Rio, bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe padà délé tí ó ṣe àwo orin kan ní ọdún náà gan-an, tí ó pè é ní Refavela.

Ní Máìlì Tú, ariwo ni ó kọ́kọ́ kí mi káàbọ̀. Àwọn ọkọ̀ agbépo àti àwọn ọkọ̀ tí ń gbé àpótí ẹrù láti èbúté Tin Can Island ń fọn fèrè wọn bí ẹni tí ń jà. Mo wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá kan, ó sì gbé mi gba First Gate wọlé. Òpópónà ńlá méje ni ó wà ní Festac, nọ́ńbà sì ni orúkọ wọn. Ara wọn ni àwọn ọ̀nà kéékèèké ti yà, àwọn náà ní nọ́ńbà. Ara àwọn wọ̀nyí náà ni àwọn òpin ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní close ti yà, tí lẹ́tà sì jẹ́ orúkọ wọn. Ẹni tí ń wá ilé níbẹ̀ dàbí ẹni tí ń ṣí ìwé orin ní ṣọ́ọ̀ṣì: kí ó mú nọ́ńbà dání, kí ó sì fara balẹ̀. Nínú close bẹ́ẹ̀, àwọn ilé kọjú sí ara wọn bí ìlà méjì àwọn ọmọ ilé-ìwé, ògiri sìmẹ́ǹtì ní ọ̀tún, ògiri sìmẹ́ǹtì ní òsì. Mo ní kí ẹ fi ọkàn sí ògiri wọ̀nyí, nítorí pé a ó padà bọ̀ sórí wọn. Ní ìkọjá Festac ni Àmúwò, ilẹ̀ àwọn Àwórì, àwọn tí ó ti mọ ọ̀sà àti irà ibẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ronú kan àjọ̀dún.

Ìdí tí mo fi lọ ni èyí. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni ó kú, ní ẹni ọdún 86. Láti ìgbà tí kèké ti mú ilé fún un ní Festac ni ó ti ń gbé ibẹ̀, ó sì lé ní 30 ọdún tí ó fi ń fọn yúfóníọ̀mù nínú ẹgbẹ́ onífèrè idẹ. Ẹ̀yin tí ẹ kò bá mọ fèrè náà, òun ni ó dàbí ọmọ túbà, tí a ń gbé sí àyà bí ìyá tí ń gbé ìkókó. Ohùn rẹ̀ kò ké bíi ti kọ́nẹ́ẹ̀tì, ohùn bàbá tí ń bá ọmọ sọ̀rọ̀ ní alẹ́ ni. Àbúrò rẹ̀ kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù tí gbogbo ẹbí ń pè ní Bàbá Lọ́ńdọ̀nù. Èébúlẹ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì ti kọ́ fèrè fífọn ní Èbúté-Mẹ́ta nígbà tí wọ́n wà ní ọmọdékùnrin, nínú Boys' Brigade, ẹgbẹ́ tí ó ti wà ní Èkó láti 1908. Bàbá Lọ́ńdọ̀nù kò lè wá sí ìsìnkú. Ara rẹ̀ kò yá, ojú rẹ̀ kò sì ríran mọ́. Ó pè mí lórí fóònù.

Ó ní, "Ọmọ mi, ẹ má fi àwòrán ránṣẹ́ sí mi o. Kí ni n ó fi àwòrán ṣe? Orin tí wọn yóò fi sin ẹ̀gbọ́n mi, ẹsẹ̀ kẹta rẹ̀, ibi tí gbogbo fèrè ti máa ń dákẹ́, tí yúfóníọ̀mù nìkan ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ibẹ̀ ni mo fẹ́ gbọ́. Àwa méjèèjì ni a jọ máa ń fọn ibẹ̀."

Mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, Bàbá, ẹ ó gbọ́ ọ." Mo dá a lóhùn kíákíá, bí ẹni tí ó mọ ohun tí ó ń sọ.

Ní àìsùn ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, àwọn onífèrè méjìlá dé, wọ́n wọ aṣọ pupa, wọ́n wọ ìbọ̀wọ́ funfun. Mo lọ dúró síwájú wọn gan-an lábẹ́ kánópì, mo na fóònù mi sókè, mo sì gba gbogbo orin náà sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Inú mi dùn. Nígbà tí mo wọ yàrá lóru tí mo gbọ́ ohun tí mo gbà, ojú tì mí. Níbi tí gbogbo fèrè ti ké papọ̀, ohùn náà fọ́, ó ń sán bí páànù tí a ń fà nílẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá lu ìlù ńlá, ṣe ni àwọn fèrè rì bí ẹni pé a fi ọwọ́ bò wọ́n lẹ́nu, tí wọ́n sì tún ń yọ padà díẹ̀díẹ̀. Ẹsẹ̀ kẹta ni ó burú jù: bí yúfóníọ̀mù ti bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́, jẹnẹrétọ̀ ilé kejì dìde láti ilẹ̀, ó ń ga, ó ń ga, títí ó fi jókòó sórí fèrè náà. Àti jẹ́jẹ́ àti kíkan, ìwọ̀n kan náà ni fóònù sọ wọ́n dà. Kò sí òkè mọ́, kò sí àfonífojì; pẹ̀tẹ́lẹ̀ ni gbogbo rẹ̀.

Mo ti wádìí ọ̀rọ̀ yìí láti ìgbà náà, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ bí ó ti yé mi. Dẹ̀síbẹ̀lì ni a fi ń wọn bí ohùn ti kíkan tó. Ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ tí a bá sọ sí etí ara wa jẹ́ nǹkan bí 30. Ọ̀rọ̀ tí a ń sọ lórí tábìlì oúnjẹ jẹ́ nǹkan bí 60. Nítòsí àwọn onífèrè idẹ tí wọ́n ń fi gbogbo agbára fọn, ó lè dé 110. Ẹ má ṣe rò pé 110 kàn fi díẹ̀ ju 60 lọ, nítorí pé gbogbo 10 tí a bá fi kún un ni agbára ohùn náà ń di ìlọ́po 10. Etí tí Ọlọ́run dá gba gbogbo rẹ̀ láìráhùn. Ẹ̀rọ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ dàbí ilé tí ó ní ilẹ̀ àti àtérígbà: ohun tí ó bá kéré ju ilẹ̀ lọ, ariwo àyíká àti híhó ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ yóò gbé e mì, ohun tí ó bá ga ju àtérígbà lọ, a ó gé orí rẹ̀ kúrò, orí tí a bá sì ti gé, kò sí oníṣẹ́ ọwọ́ tí yóò lè lẹ̀ ẹ́ padà bí ó ti wà tẹ́lẹ̀. Èyí ni fífọ́ tí mo gbọ́. Ní ti rírì àti yíyọ, àṣẹ kan ni ó wà nínú fóònù, tí ń fa ohùn kíkan wálẹ̀ tí ó sì ń gbé ohùn jẹ́jẹ́ sókè láìbéèrè lọ́wọ́ onífóònù. Fún ọ̀rọ̀ sísọ ni wọ́n ṣe fi sí i, ó sì dára fún ọ̀rọ̀ sísọ. Ṣùgbọ́n fún orin tí ẹwà rẹ̀ wà nínú pé ó ń rẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó dìde, ọ̀tá ni.

Àwọn bàbá wa tí wọ́n kọ́kọ́ gba ohùn sí àwo kò ní àǹfààní tó bẹ́ẹ̀ pàápàá. Ní 1922, Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta kọ orin ìyìn Yorùbá sí àwo Zonophone ní Lọ́ńdọ̀nù. Kò sí máíkì nígbà náà. Iwájú ìwo ńlá kan ni akọrin ń dúró sí, agbára ohùn rẹ̀ nìkan ni ó sì ń ti abẹ́rẹ́ tí ń gbẹ́ ìda. 1925 ni iná mànàmáná tó wọ iṣẹ́ náà. Ní àwọn ọdún 1930, Parlophone gba ohùn àwọn onífèrè idẹ Èkó kan, Calabar Brass Band, wọ́n sì tà á ní orúkọ Lagos Mozart Orchestra. Àwo ìgbà náà kò lè gba ju nǹkan bí 40 dẹ̀síbẹ̀lì lọ láàárín ilẹ̀ àti àtérígbà rẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì tí ó dé ní 1963 gba bí 50 sí 60. Àwo sídíì ti 1982 gba 96. Ẹ̀yin tí ẹ ní giramafóònù nílé, tí ẹ rò pé àwọn onífèrè ayé àtijọ́ kò mọ bí a ti ń fọn jẹ́jẹ́, ẹ má dá wọn lẹ́bi: abẹ́ ìhó àwo ni jẹ́jẹ́ wọn sin sí.

Bí a sì ti ń sọ̀rọ̀ Festac, ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀. Stevie Wonder, olórin Amẹ́ríkà tí ojú rẹ̀ kò ríran, wà ní Èkó ní oṣù kejì ọdún 1977. Ní ọjọ́ 19 oṣù náà, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Grammy ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì fẹ́ kí ó sọ̀rọ̀ láti Èkó wá nípa sátẹ́láìtì. Ohùn kò dé ọ̀dọ̀ wọn dáadáa. Nígbà tí ó sú olóòtú ètò náà, Andy Williams, ó bi í pé bí kò bá gbọ́ wọn, ṣé ó ń rí wọn? Ìtìjú ńlá ni fún ọkùnrin náà, a sì ń sọ ọ́ títí di òní.

Ní òru yẹn kan náà mo jáde lọ bá ọ̀gá báńdì níbi tí ó ti ń jẹun lẹ́yìn ilé. Àgbàlagbà ni, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun.

Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ìnáwó èémí."

Ó rẹ́rìn-ín. Mo jẹ́ kí ó gbọ́ ohun tí mo gbà. Ó tẹ́tí díẹ̀, ó sì ti fóònù náà padà sí mi.

Ó ní, "Ẹ má bínú sí mi, ọ̀gá mi. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba ohùn, ẹnu fèrè ni ẹ máa ń lọ dúró sí, bí ẹni tí ó fẹ́ mu omi níbẹ̀. Ohùn kọ́nẹ́ẹ̀tì àti tùròḿbóònù, iwájú gan-an ni mímú rẹ̀ ń lọ, bí ọfà. Ẹni tí ó bá dúró síbẹ̀, òun ni ọfà bà. Túbà àti yúfóníọ̀mù, ojú ọ̀run ni ẹnu wọn kọ sí. Ìlù ńlá ní tirẹ̀, ibi gbogbo ni ó ń lọ. Ẹ bọ́ sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ jìnnà díẹ̀, kí gbogbo wa tó di ọ̀kan kí a tó dé ọ̀dọ̀ yín."

Òtítọ́ ni ó sọ: ní ìta gbangba, bí a bá jìnnà ní ìlọ́po méjì, ohùn a fi bí 6 dẹ̀síbẹ̀lì rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú close, ògiri tí mo ní kí ẹ fi ọkàn sí ń gbá ohùn ìlù padà fún ara wọn bí ọmọdé tí ń gbá bọ́ọ̀lù, nítorí náà a kò gbọdọ̀ jìnnà jù, kí ìró tí ó ń padà má baà pọ̀ ju èyí tí ń bọ̀ tààrà.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ní ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kékeré tí ó rà ní ọjà Àlàbá, tí ó ní máíkì méjì lórí bí ìwo ìgbín. Ó kọ́ mi bí a ti ń pa àṣẹ ìgbésókè-ìfàwálẹ̀ náà, kí ẹ̀rọ lè jókòó sójú kan. Ní òwúrọ̀ Ẹtì, kí òkú tó jáde, ọ̀gá báńdì ṣe mí lóore: ó ní kí wọ́n fọn ibi tí ó kíkan jù lọ nínú orin náà fún mi lẹ́ẹ̀kan. Mo yí ẹ̀rọ sílẹ̀ títí ibi tí ó ga jù fi ku bí 12 dẹ̀síbẹ̀lì kí ó kan àtérígbà. Nítorí pé mo mọ̀ pé bí ẹkún bá dé, tí ènìyàn sì pọ̀, wọn yóò tún fọn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo fi ìbọ̀sẹ̀ mi tí ó mọ́ bo máíkì nítorí afẹ́fẹ́ ọ̀sà. Ẹ rẹ́rìn-ín bí ó bá wù yín, ó ṣiṣẹ́.

Ó ku jẹnẹrétọ̀. Èmi àti àkọ́bí olóògbé, obìnrin, wọ ilé dé ilé, a ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi ìṣẹ́jú 15 pa á fún wa. Ìyá kan ní ẹja òun wà nínú fíríìjì, ṣùgbọ́n kí a pa á, bàbá náà kì í kọjá kí ó má kí òun. Onígbàjámọ̀ ìsàlẹ̀ ni ó fẹ́ dá wàhálà sílẹ̀, nítorí pé ó ti fá ìdajì orí oníbàárà kan. Oníbàárà náà fúnra rẹ̀ ni ó dìde, pẹ̀lú ìdajì orí, tí ó lọ pa jẹnẹrétọ̀, tí ó sì jáde wá dúró lẹ́bàá ọ̀nà láti wo òkú. Ní nǹkan bí aago mẹ́wàá, ìdákẹ́jẹ́ bọ́ sí close náà, irú èyí tí mi ò rò pé ó ṣeé rí ní Èkó. A wá ń gbọ́ ẹyẹ. A ń gbọ́ àwọn ọkọ̀ agbépo lókèèrè réré ní títì, bí òkun.

Mo dúró sí ibi tí ọ̀nà ti tẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́, bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá sí ojú ọ̀nà wọn. Àwọn agbépósí gbé pósí jáde, wọn kò jó, nítorí pé Màmá ti sọ pé òun kò fẹ́ ijó. Àwọn onífèrè bẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ̀ kìn-ín-ní kún, ẹsẹ̀ kejì kún jù ú lọ, àtẹ́lẹwọ́ mi ń gbọ̀n lábẹ́ ẹ̀rọ nígbà tí ìlù ńlá kọjá níwájú mi. Ní ẹsẹ̀ kẹta gbogbo wọn mú fèrè kúrò lẹ́nu. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, tí olóògbé ni ó kọ́ ọ, gbé yúfóníọ̀mù olóògbé gan-an sókè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọn ún jẹ́jẹ́. Mo di èémí mi mú. Mo gbọ́ bí ìka rẹ̀ ti ń tẹ àwọn bọ́tìnì fèrè náà. Mo gbọ́ bàtà ẹnìkan lórí òkúta wẹ́wẹ́. Mo gbọ́ tí Màmá mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà gbogbo fèrè padà wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Nígbà tí a ti sìnkú dé, gbogbo ẹbí ní kí n jẹ́ kí àwọn gbọ́. Mo fi sórí fóònù mi, mo sì gbé e sí àárín wọn. Nígbà tí ó dé ẹsẹ̀ kẹta, wọ́n wo ojú ara wọn. "A kò gbọ́ nǹkan kan." "Ó ti kú ni?" Ẹ̀gbọ́n kan tilẹ̀ sọ pé èyí tí mo gbà ní alẹ́ àná dára jù, pé ó rinlẹ̀. N kò bá a jiyàn. Nínú ilé tí àlejò kún, tí ìkòkò ọbẹ̀ ń ró, lára ẹnu kékeré fóònù, òun ni ó jàre: orin tí ó ní àfonífojì gígùn kò yẹ irú ibẹ̀, gẹ́gẹ́ bí kò ti yẹ inú dánfó. Àwọn tí ń ṣe àwo fún títà mọ èyí, nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fún òkè àti ilẹ̀ pọ̀ mọ́ra. Ṣùgbọ́n ènìyàn kan péré ni mo gba tèmi fún.

N kò fi í ránṣẹ́ bí ìgbà tí a ń fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp, nítorí pé ìyẹn a máa fún un, a sì máa gé etí rẹ̀; mo dì í bí ìwé, mo fi ránṣẹ́ ní odindi, ó sì gba àkókò. Mo ní kí ọmọ-ọmọ Bàbá Lọ́ńdọ̀nù fi ẹ̀rọ ìgbọ́hùn sí i létí méjèèjì, kí ó sì ti fèrèsé. Lẹ́yìn bí ìdajì wákàtí wọ́n pè mí. Bàbá kò tètè sọ̀rọ̀.

Ó ní, "Ta ni ó ń fọn ún yẹn?"

Mo sọ fún un.

Ó ní, "Ó mí èémí ní àárín ìlà kejì. Kò yẹ kí ó mí níbẹ̀." Ó dákẹ́ díẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi náà kò lè dé òpin ìlà yẹn láìmí rí. Èmi ni mo máa ń dì í mú fún un títí tí yóò fi mí tán." Lẹ́yìn náà mo gbọ́ tí ó sọ fún ọmọ-ọmọ rẹ̀ pé kí ó dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ẹsẹ̀ kẹta.